Igi Gogoro Má Gùn Mí Lójú: Àwọn Awakọ̀ àti Oríta Rélùwéè ní Èkó

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 9 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2023, bọ́ọ̀sì ńlá kan tó kó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó gbéra láti Ìsọlọ̀, ó forí lé Alausa ní Ìkẹjà níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ènìyàn tó wà nínú rẹ̀ lé ní 80. Nígbà tó dé ibi tí títì ti dábùú ojú irin ní ibùdókọ̀ PWD, ọkọ̀ ojú irin bá a lórí irin, ó kọlù ú, ó sì wọ́ ọ lọ sí ọ̀nà Ṣógúnlẹ̀ kó tó lè dúró. Ó kéré tán, ènìyàn 6 ló kú. Àwọn tó fara pa pọ̀ débi pé àwọn ará Èkó tí kò mọ ẹnikẹ́ni nínú wọn rí tò sí ilé ìwòsàn láti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Ìpolongo ìdìbò gómìnà ló gbòde nígbà náà. Gómìnà dá tirẹ̀ dúró, ó sì kéde ọ̀fọ̀ ọjọ́ 3.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwọn ènìyàn ti dá ẹjọ́ tán: awakọ̀ ló jẹ̀bi. Díẹ̀ nínú àwọn tó yè sọ fún àwọn akọ̀ròyìn pé àwọn kígbe pé kó dúró. Ìjọba gbé e lọ sí ilé ẹjọ́, ibẹ̀ ni a ó sì fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí. Ohun tí mo fẹ́ kí á gbé yẹ̀ wò gbòòrò ju ti ẹnì kan lọ. Yorùbá ní, “Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.” Kò sí igi tó gogoro tó ọkọ̀ ojú irin. Ó ga ju ènìyàn lọ ní ìlọ́po méjì, ó ń fọn fèrè, ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì ń gbà, kì í yà sọ́tùn-ún, kì í yà sósì. Kí ló wá dé tí ẹni tó ní ojú, tó ní etí, fi ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti ẹlòmíràn ta tẹ́tẹ́ lójú irin nítorí ìṣẹ́jú méjì? Èmi gbà pé inú ìtàn ni a ó ti rí èyí tó pọ̀ jù nínú ìdáhùn náà.

Ọdún 1896 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ojú irin tó ti Èkó lọ sí òkè. Ó dé Abẹ́òkúta ní 1898, ó dé Ìbàdàn ní 1900, wọ́n sì ṣí i fún gbogbo ayé ní 1901. Nígbà tó fi máa di 1912, ènìyàn lè wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ìdó kó sì sọ̀ ní Kánò. Ẹni tó bá ń wo Òṣòdì, Múṣin, Ìkẹjà àti Agége lónìí kò lè mọ̀ pé abúlé àti oko ni ojú irin náà gba àárín wọn kọjá nígbà náà. Oko kòkó àti oko obì ló sọ Agége di ìlú. Inú ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n ń kó obì náà sí lọ sí ilẹ̀ Haúsá, òwò yìí kan náà ló sì mú kí àwọn Haúsá wá tẹ̀dó sí Agége. Ní ayé ìgbà yẹn, àgbẹ̀ tó ru agbọ̀n tàbí ìyá tó ń lọ sí ọjà ni ẹni tó ń kọjá lórí irin. Wọ́n máa ń gbọ́ ìró ọkọ̀ náà láti òkèèrè, wọ́n á sì rí èéfín rẹ̀ lókè igi. Wọ́n á dúró, ọkọ̀ á lọ tán, wọ́n á kọjá. Kò sí ìjà láàárín ìlú àti rélùwéè, nítorí pé ìlú kò tíì sí níbẹ̀.

Rélùwéè ló pe ìlú wá. Ibi tí ọkọ̀ ojú irin bá ti ń dúró ni àwọn ènìyàn ń kọ́lé sí, ibẹ̀ ni ọjà ń ná. Nígbà tí mọ́tò dé, ọ̀nà mọ́tò náà tọ ipa irin lọ. Ní àwọn ọdún 1920 àti 1930, ojú olójúkòkòrò ni ìjọba amúnisìn fi ń wo àwọn ọlọ́kọ̀ akẹ́rù nítorí pé wọ́n ń gba ẹrù mọ́ rélùwéè lọ́wọ́. Àmọ́ mọ́tò ló borí. Títì tí a ń pè ní Agege Motor Road wà títí di òní gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí: ó sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin láti ìsàlẹ̀ dé òkè, àwọn méjèèjì sì sún mọ́ ara wọn gan-an.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí ìsúnmọ́ra yìí, nítorí pé ohun tó ń pa ènìyàn wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ tó bá yà kúrò lórí títì ńlá láti wọ àdúgbò tó wà ní òdìkejì kò ní ààyè tí yóò ti dúró kó wo ọ̀tún àti òsì. Bó ti ń yà ló ń gun irin. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá wà níwájú, bí ó ti máa ń wà ní Èkó lárọ̀ọ́ àti lálẹ́, orí irin ni ọkọ̀ náà yóò há sí, ti iwájú kò lọ, ti ẹ̀yìn kò padà. Àwọn tó wà lẹ́yìn á sì máa fọn fèrè sí i pé kó sún síwájú. Mo ti rí awakọ̀ tó sún síwájú nítorí fèrè bẹ́ẹ̀, kì í ṣe nítorí pé ó fẹ́.

Èkó nìkan kọ́ ni irú ìdẹkùn yìí ti wà. Ní Fox River Grove, ìlú kékeré kan nítòsí Chicago ní Amẹ́ríkà, títì àti ojú irin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bákan náà. Ní ọjọ́ 25 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1995, bọ́ọ̀sì ilé ìwé kan kọjá lórí irin, ó sì dúró de iná pupa tó wà níwájú. Awakọ̀ rẹ̀ rò pé gbogbo ọkọ̀ òun ti kúrò lórí irin. Ìdí bọ́ọ̀sì náà ṣì wà níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ 7 ló kú. Nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí, wọ́n rí i pé àwọn tó ṣètò iná títì àti àwọn tó ṣètò iná rélùwéè kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ tó: àkókò tí iná fi sílẹ̀ kò tó kí ọkọ̀ tó wà níbẹ̀ rí ààyè kúrò. Bí a bá wo ìròyìn náà ní kánjúkánjú, a ó ní awakọ̀ ló fi ọkọ̀ rẹ̀ sí ojú irin. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ wọ́n ti gbẹ́ kòtò náà dè é.

Àwọn tó mú rélùwéè wá sí ilẹ̀ wa mọ̀ nípa ewu yìí tipẹ́. Ní 1839, kí irin tó dé Èkó ní ọdún tó lé ní 50, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé ibikíbi tí rélùwéè bá ti dábùú títì ìjọba, iléeṣẹ́ rélùwéè gbọ́dọ̀ ṣe géètì síbẹ̀, kó sì fi ènìyàn gidi tì í. Òfin 1842 àti ti 1845 fi kún un pé ojú ọ̀nà àwọn ẹlẹ́ṣin àti onígẹ̀gẹ́ ni kí géètì náà máa dí nígbà gbogbo. Ìgbà tí ọ̀nà bá dá tí ẹnìkan sì fẹ́ kọjá ni kí aṣọ́nà ṣí i fún un. Ẹ kíyè sí ohun tí òfin yìí gbà gbọ́. Kò bẹ awakọ̀ pé kó ní sùúrù. Kò lẹ ìwé mọ́ ògiri pé ẹ̀mí kò láàárọ̀. Ó gba ìpinnu náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá, ó fi lé ẹni tí a ń san owó fún pé kó máa wo irin lọ́wọ́. Òfin náà ti mọ̀ pé ẹni tó ń kánjú kì í ṣe onídàájọ́ tó dára lórí ìkánjú ara rẹ̀.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn gbàgbé ọgbọ́n yìí. Nígbà tó di àwọn ọdún 1950 àti 1960, owó tí wọ́n ń san fún àwọn aṣọ́nà ń wúwo lọ́rùn rélùwéè wọn. Wọ́n lọ wo bí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Yúróòpù ti ń ṣe é, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀pá aládàáṣiṣẹ́ rọ́pò géètì: ọ̀pá tó ń dí ìdajì títì péré, tí ọkọ̀ ojú irin fúnra rẹ̀ ń mú sọ̀kalẹ̀ bó ti ń bọ̀. Wọ́n fi ọ̀kan sí Hixon ní Staffordshire ní 1967. Ní ọjọ́ 6 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1968, ọkọ̀ akẹ́rù kan tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 148 gbé ẹ̀rọ iná mànàmáná tó wúwo tó tọ́ọ̀nù 120 dé ibẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá ló ń ṣamọ̀nà rẹ̀. Ó ń wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀, kò yá ju ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ. Láti ìgbà tí iná bá ti tàn sí ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin yóò dé, ìṣẹ́jú àáyá 24 ni ètò náà fi sílẹ̀. Ọkọ̀ gbọọrọ yẹn nílò tó ìṣẹ́jú kan gbáko. Tẹlifóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí wọ́n ì bá fi béèrè bóyá ọ̀nà dá. Kò sí ẹni tó gbé e. Ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Manchester bọ̀ wá sí London kọlù ú, ènìyàn 11 sì kú.

Kò sí ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ ní Hixon. Awakọ̀ náà kò kánjú, ọlọ́pàá wà níwájú rẹ̀. Agbẹjọ́rò Brian Gibbens ló ṣe alága ìwádìí tí ìjọba gbé kalẹ̀, ẹ̀bi tó sì rí kò sí lórí ẹnì kan ṣoṣo: àwọn tó ṣe ọ̀pá aládàáṣiṣẹ́ kò jẹ́ kó yé àwọn tó ń lo títì bó ti yára tó, àwọn tó ń kó ẹrù ńlá kò béèrè, àwọn ọlọ́pàá kò mọ̀. Wọ́n fawọ́ ètò ọ̀pá náà sẹ́yìn títí wọ́n fi tún ìlànà rẹ̀ ṣe. Yorùbá ní ará iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Àmọ́ ó dà bí ẹni pé ará ẹ̀yìn ní láti sún mọ́ kòtò náà tó kó tó lè rí i.

Ní tiwa, ohun mìíràn ṣẹlẹ̀ tí kò ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: rélùwéè wa sùn. Láti nǹkan bí ọdún 1970 ó ti ń rẹ̀ ẹ́. Ní 1988, gbèsè dá iléeṣẹ́ rélùwéè Nàìjíríà dùbúlẹ̀, kò sì sí ọkọ̀ ojú irin kankan tó rìn fún oṣù 6. Ó dìde, ó tún ṣubú. Nígbà tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, iṣẹ́ èrò gbígbé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Bí ọkọ̀ kan bá tilẹ̀ kọjá, kò sí ẹni tó mọ ìgbà tí òmíràn yóò dé. Ẹ rántí Òṣòdì kí ìjọba Babátúndé Fáṣọlá tó kó ọjà náà kúrò ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2009. Orí irin gan-an ni ọjà wà. Tòmátì, bàtà, aṣọ òkìrìkà, gbogbo rẹ̀ ló wà lórí igi tí irin sùn lé. Bí ọkọ̀ ojú irin bá fọn fèrè, àwọn ọlọ́jà á ká ẹní wọn. Bó bá kọjá tán, kí eruku tó rọlẹ̀, wọ́n á ti tún un tẹ́. Ẹlòmíràn rí èyí bí àwàdà. Ẹ̀kọ́ ni. Gbogbo ọmọ tó dàgbà ní etí irin náà kọ́ ọ lójoojúmọ́ pé ọkọ̀ ojú irin ni àlejò, àwa la ni ilé. Awakọ̀ tó bá kọjá lórí irin ní ẹ̀ẹ̀mẹfà lóòjọ́ fún ọdún 20 láì pàdé nǹkan kan kò ní kà á sí oríta mọ́. Gegele lásán ni yóò jẹ́ lójú rẹ̀, ohun tó ń mú kí ọkọ̀ fò sókè díẹ̀.

Àfi bí rélùwéè ṣe jí. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2012, ọkọ̀ èrò tún bẹ̀rẹ̀ sí í ti Èkó lọ sí Kánò. Ní oṣù Òkúdu ọdún 2021, wọ́n ṣí irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn, èyí tó fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, tí ọkọ̀ orí rẹ̀ sì ń sáré jù ú lọ. Irin ti jí, àmọ́ ìwà tí a kọ́ nígbà tó ń sùn kò jí pẹ̀lú rẹ̀. Irin tuntun náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi, èyí tó tún bí ewu mìíràn: awakọ̀ rí ọkọ̀ ojú irin kan tó kọjá, ó rò pé ó tán, ó tẹ iná mọ́ ọkọ̀, kò mọ̀ pé òmíràn ń ti òdìkejì bọ̀ lẹ́yìn èyí tó kọjá.

Ojú pàápàá máa ń tan ènìyàn jẹ. Herschel Leibowitz, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wádìí bí ojú ṣe ń rí nǹkan, kọ ọ́ ní 1985 pé ohun tó bá tóbi máa ń dà bí ẹni pé kò yára lójú wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eré tó ń sá kò kéré. Ẹni tó bá ti wo bàálù ńlá tó fẹ́ balẹ̀ ní Ìkẹjà mọ̀ ọ́n. Yóò dà bí ẹni pé ó so rọ̀ sójú ọ̀run. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin rí fún ẹni tó dúró sí etí irin. Kì í sì í ṣe ohun tó lè dúró lójijì. Irin ló ń yí lórí irin. Ọkọ̀ ojú irin tó ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan lè rìn tó kìlómítà kan kí bíréèkì tó mú un dúró. Nígbà tí ẹni tó ń wa ọkọ̀ ojú irin bá fi máa rí bọ́ọ̀sì níwájú, kò sí ohun tó kù fún un ju kó fọn fèrè kó sì dì í mú gírígírí. A kì í sábà rántí ọkùnrin yẹn. Òun náà ń gbé òkú náà lọ sílé lọ́kàn rẹ̀. Ẹ̀rọ ìgbà yìí kò tilẹ̀ pariwo bíi ti àtijọ́ tó ń rú èéfín. Nínú ariwo Èkó, ó lè dé ẹ̀yìn ènìyàn kó tó gbọ́.

Mi ò fi èyí dá awakọ̀ láre. Oríta kì í ṣe ibi tí Yorùbá ń gbà kọjá bí ẹni ń gba àgbàlá ilé rẹ̀. Oríta ni ibi ẹbọ, ibi tí àgbà ti ń fara balẹ̀ wò kó tó gbé ẹsẹ̀. Àwọn awakọ̀ tó ń bọ Ògún lọ́dọọdún ní gáréèjì, tí wọ́n ń pa ajá fún un, ni ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ irú nǹkan tí irin jẹ́. Ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tó há sórí irin àti ẹni tó rí àsíá pupa, tó rí ọkùnrin tó ń jù ú, tó sì fi ọwọ́ òsì ṣe é pé ó ti gbọ́. Ẹni kejì yìí kì í fi ẹ̀mí tirẹ̀ nìkan ta tẹ́tẹ́. Onídánfó tó ní iye tó gbọ́dọ̀ kó wálé fún ọlọ́kọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú ní èrò 14 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn, kò sì sí ẹni tó bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ ta irú tẹ́tẹ́ yẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ tó wọ bọ́ọ̀sì ní Ìsọlọ̀ kò fi nǹkan kan dù ju kí wọ́n tètè dé ibi iṣẹ́ lọ.

Àmọ́ bí a bá béèrè ohun tó dín ikú kù níbi tí ó ti dín kù, ìbáwí kọ́ ni. Àwọn tó ṣètò irin tuntun kọ́ afárá sí ọ̀pọ̀ ibi tó ti ń pàdé títì. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó náà kọ́ ti Ìkẹjà, Múṣin, Yábàá àti Oyíńgbò pọ̀ mọ́ ọ̀nà irin wọn tí wọ́n ń pè ní Red Line, èyí tí ààrẹ ṣí ní ọjọ́ 29 oṣù Èrèlé ọdún 2024, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún náà. Ní Ìkẹjà, ọkọ̀ tó ti máa ń dúró de irin, tàbí tó ti máa ń kọ̀ láti dúró, ń gba orí rẹ̀ kọjá báyìí láìmọ̀ pé ohun kan ń sáré lábẹ́ òun. Awakọ̀ tó ń kánjú ní 2022 ṣì ń kánjú lónìí. Kò ní sùúrù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò sì ka ìwé òfin ìrìnnà kankan láàárín ìgbà náà.

Afárá wọ́n, kò sì lè dé ibi gbogbo lọ́jọ́ kan. Níbi tí kò tíì dé, iṣẹ́ tí òfin 1839 fi lé aṣọ́nà lọ́wọ́ náà ni ó ṣì wà: ènìyàn kan, ọ̀pá tàbí okùn kan, àsíá pupa. Mo dúró ti irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ láìpẹ́ yìí ní oríta kan, mo sì ń kà á bí ọkọ̀ ojú irin ti ń bọ̀. Ó fa okùn rẹ̀ kọjá títì, ó gbé àsíá sókè. Ọkọ̀ ńláńlá dúró. Ọlọ́kadà mẹ́rin tẹrí ba, wọ́n gba abẹ́ okùn kọjá. Ẹ̀karùn-ún gbé obìnrin kan àti ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn. Ọkùnrin náà kò bú wọn. Ó kàn fi ara rẹ̀ dí ojú ọ̀nà fún ẹ̀kẹfà, ó nà apá méjèèjì, ó sì kọ ẹ̀yìn sí ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀.